Rainbow Seeker: Orin Tútù Tí Kì Í Ṣe Orin Ọ̀lẹ

Orin tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú kì í sábà rí ẹni jókòó tì í lọ́dọ̀ tiwa. Ilé ìtura máa ń tan án sílẹ̀ kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ má baà dákẹ́ jù. Rédíò máa ń fi í sábẹ́ ìkéde òkú. Oníwàásù a máa fi í sábẹ́ àdúrà, ilé ìfowópamọ́ a sì máa fi í sórí fóònù fún ẹni tó ń dúró kí wọ́n dá a lóhùn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé ta ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù yẹn. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ọwọ́ fúyẹ́. Ọ̀kan nínú irú àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Joe Sample, ọmọ bíbí ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwo rẹ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ tẹ́tí sí ni Rainbow Seeker, èyí tó jáde lọ́dún 1978.

Àwọn kan ń pe irú orin yìí ní orin oorun. Àwọn mìíràn lára àwọn tó ń ṣe lámèyítọ́ jáàsì tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: lójú tiwọn, bí orin bá ti tutù, tó sì dùn mọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa jáàsì, a jẹ́ pé olórin náà ti ta ẹ̀bùn rẹ̀ lọ́pọ̀ nìyẹn. Èmi kò gbà. Àwọn àgbà wa ló sọ pé ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Ẹni tó bá sì ti fi ohùn pẹ̀lẹ́ parí ìjà tó gbóná rí yóò jẹ́rìí sí i pé ó gba agbára ju igbe lọ. Irú agbára bẹ́ẹ̀ ló wà nínú Rainbow Seeker. Ó tutù, ṣùgbọ́n ó nípìlẹ̀, ìpìlẹ̀ náà sì jìn ju ohun tí etí kọ́kọ́ ń gbọ́ lọ.

Ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1939 ni wọ́n bí Sample, àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Fifth Ward ló sì ti dàgbà. Àwọn adúláwọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ibẹ̀ ṣe ilé. Nígbà tó yá, àwọn Creole láti Louisiana, àwọn adúláwọ̀ tí èdè Faransé wà lẹ́nu wọn, tí ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì, ṣí wá síbẹ̀ débi pé apá kan àdúgbò náà di Frenchtown. Inú ìdílé Creole bẹ́ẹ̀ ni Sample ti jáde. Ẹ wo ohun tí ọmọdé yóò máa gbọ́ nírú ibẹ̀: orin ìsìn Kátólíìkì, orin ìyìn alátẹ́wọ́ láti ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Onítẹ̀bọmi, gìtá blues láti ilé ọtí, àti zydeco, orin ijó àwọn Creole tí wọ́n ń fi àkọ́díọ̀nù àti irin gbágungbàgun àyà kọ. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ píánò.

Gbogbo ohun tó gbọ́ nígbà náà ló kù sí i lọ́wọ́. Bí Sample bá fẹ́ tẹ ohùn kan, ó lè kọ́kọ́ fi ìka kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wàràwàrà, kó tó yọ̀ bọ́ sórí èyí tó fẹ́ gan-an. Ohun tí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ń fi ọ̀fun ṣe nígbà tí ẹ̀mí bá gbé e nìyẹn. Píánò kò lè fa ohùn bí ọ̀fun ti ń fà á, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀ tí kò ṣeé tẹ̀ sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Olórin blues àti ti ṣọ́ọ̀ṣì ló wá ọgbọ́n sí i. Sample mọ ọgbọ́n náà dé góńgó, kì í sì í lò ó ní ìlòkulò.

Ilé ẹ̀kọ́ girama Phillis Wheatley ní Houston ló ti pàdé Wilton Felder tó ń fun sasofóònù, àti Nesbert Hooper, onílù tí gbogbo ayé mọ̀ sí Stix. Swingsters ni wọ́n pe ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀. Wayne Henderson tó ń fun trombone wá dara pọ̀ mọ́ wọn, ọmọ Houston lòun náà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1961, Los Angeles ni wọ́n wà, orúkọ wọn ti di Jazz Crusaders, ọdún náà gan-an ni àwo wọn àkọ́kọ́, Freedom Sound, jáde. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1971, wọ́n gé Jazz kúrò nínú orúkọ, ó ku Crusaders. Àwọn olólùfẹ́ jáàsì kan kò dárí jì wọ́n títí dòní. Lójú tèmi, òótọ́ ni àwọn Crusaders kúkú sọ. Orin ijó àdúgbò wọn ti wà nínú jáàsì wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò kàn fẹ́ kí orúkọ máa lé ẹni tó fẹ́ jó sá mọ́.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà tí Sample ń ṣe, iṣẹ́ tí a kì í rí lójú páálí àwo àyàfi tí a bá ka àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí sítúdíò Los Angeles ń pè nígbàkígbà tí akọrin bá nílò ọwọ́ tó dájú lórí píánò. Ó wà nínú Let's Get It On ti Marvin Gaye ní 1973. Ó wà nínú Court and Spark ti Joni Mitchell ní 1974. Ó wà nínú Aja ti Steely Dan ní 1977. Àwọn mẹ́ta yìí kò jọ ara wọn rárá, síbẹ̀ ìka kan náà wà lábẹ́ wọn. Mo gbà pé ibi iṣẹ́ yìí ló ti kọ́ ohun tó sọ Rainbow Seeker di ohun tó dà. Ẹni tó ń tẹ píánò lẹ́yìn akọrin gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó yẹ kó gbẹ́nu dákẹ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, wọn kò ní í pè é mọ́ lọ́la.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1974, àwọn Crusaders wà lára àwọn olórin tó wá sí Kinshasa fún àjọ̀dún Zaire 74, èyí tí wọ́n ṣètò mọ́ ìjà Muhammad Ali àti George Foreman. Ìjà náà yẹ̀ di òpin oṣù kẹwàá, ṣùgbọ́n orin kò dúró dè é. James Brown, B.B. King, Miriam Makeba, Celia Cruz àti Franco ọmọ Congo ló pé jọ síbẹ̀. Ẹni tó bá wo fíìmù Soul Power tó jáde ní 2008 yóò rí díẹ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo máa ń rántí ìyẹn bí ẹnìkan bá sọ pé olórin ìtura lásán ni Sample. Ẹni tó bá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gorí ìtàgé kan náà pẹ̀lú James Brown ní Áfíríkà, tí ojú kò sì tì wọ́n, kì í ṣe ẹni tí ìlù ń dẹ́rù bà.

Ó yẹ kí n sọ nípa ohun èlò tó wà níwájú rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìtutù orin yìí ti ń wá. Píánò gidi wà nínú àwo náà, píánò oníná Fender Rhodes sì wà níbẹ̀. Harold Rhodes, olùkọ́ píánò kan, ló pilẹ̀ rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà tó fara gbọgbẹ́ ní píánò, ṣùgbọ́n orí ibùsùn ni wọ́n wà, píánò ńlá kò sì lè bá wọn níbẹ̀. Ó wá ṣa páìpù alumíníọ̀mù ara ọkọ̀ òfurufú B-17, ó fi ṣe píánò kékeré tó ní kọ́kọ́rọ́ 29, èyí tí aláìsàn lè gbé lé itan. Ohun èlò tí wọ́n ṣe láti fi tu ọkàn ẹni tí ogun ṣe léṣe ni baba Rhodes ayé ìgbàlódé.

Èyí tó dé ọwọ́ àwọn olórin lẹ́yìn náà kò ní okùn nínú bíi ti píánò gidi. Bí a bá tẹ kọ́kọ́rọ́, òòlù kékeré kan yóò na irin tín-ín-rín, irin náà yóò gbọ̀n, ẹ̀rọ kékeré onímágínẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú rẹ̀, irú èyí tó wà lára gìtá oníná, yóò sì gbé ohùn náà lọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Bí ọwọ́ bá fúyẹ́, ohùn rẹ̀ a mọ́, a sì yípo bí agogo. Bí ọwọ́ bá wúwo díẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí wọ́n bá fipá gbá a, a gbó. Nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rọ ló tutù, ọwọ́ ni. Àárín ibi tí ohùn ti mọ́ àti ibi tó ti fẹ́ máa kùn ni Sample ń gbé, ó lè wà lójú ààlà yẹn fún odindi orin kan láì ṣubú sí ìhà kankan. Ẹni tó bá ní irú kíbọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ nílé, kó dán an wò. Kò rọrùn.

Ọdún tí Rainbow Seeker jáde, disco ló gba ìgboro kan ní Amẹ́ríkà. Lágbo jáàsì, àwọn ọ̀dọ́ ń fi synthesizer dá eré ìje sílẹ̀, ẹni tí ìka rẹ̀ bá yá jù ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Breezin' ti George Benson ti jáde ní 1976, ó sì ti fi han àwọn ilé iṣẹ́ àwo pé jáàsì tó rọra ń rìn lè tà. Sample fúnra rẹ̀ ti ṣe Fancy Dance ní 1969, ó sì ti bá Ray Brown àti Shelly Manne ṣe àwo kan tí wọ́n pè ní The Three. Ṣùgbọ́n Rainbow Seeker, tí ilé iṣẹ́ ABC gbé jáde, ni àwo tí ayé fi mọ̀ ọ́n ní òun nìkan, láìsí orúkọ Crusaders lórí rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ará Fifth Ward kò jìnnà sí i. Stix Hooper ló lu ìlù, òun àti Felder ló sì bá a ṣe alákòóso iṣẹ́ náà ní sítúdíò. Robert Popwell ta gìtá béèsì. Ray Parker Jr., tí Ghostbusters sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní 1984, wà lára àwọn tó ta gìtá. Paulinho da Costa, ọmọ Rio de Janeiro ní Brazil, ló ń fi àwọn ìlù àfọwọ́lù àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ kún àlàfo.

Orin mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ orúkọ àwo náà ló ṣíde, béèsì àti ìlù ibẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀lẹ rárá. There Are Many Stops Along the Way tilẹ̀ yára ju gbogbo wọn lọ, ẹsẹ̀ kò lè dúró jẹ́ẹ́ síbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ohun tí Hooper ń ṣe lábẹ́ gbogbo èyí. Ó ń lu ìlù tó wà déédéé, kì í sáré, kì í sì í ṣe àṣehàn. Nítorí pé ilẹ̀ dúró lábẹ́ Sample, ó lè pẹ́ kó tó wọlé, ó lè fi gbólóhùn kan sílẹ̀ láàbọ̀, ó lè jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà níbi tí ẹlòmíràn ìbá ti kó ohùn mẹ́wàá dà sí. Bí wọ́n bá yọ ìlù yẹn kúrò, ìtutù orin náà yóò di ẹ̀rọ̀ lásán.

Melodies of Love ni mo máa ń padà sí jù. Píánò gidi ló ń darí ibẹ̀, orin náà sì ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Orí orin rẹ̀ kò le, ọmọdé lè kọ ọ́ lẹ́nu lẹ́yìn tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí iṣẹ́ wà ni bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tó dàgbà sí ìdí gángan kò ní í ṣàìmọ ohun tí mò ń sọ. Gángan kì í la ẹnu, síbẹ̀ a mọ̀ bó bá ń kí ni, a mọ̀ bó bá ń béèrè, a sì mọ̀ bó bá ń ṣe ìdárò. Orin Sample kò ní ọ̀rọ̀ pàtó bíi ti gángan, ṣùgbọ́n ó ní mímí, ó ní ibi tí gbólóhùn ti parí, ó ní ibi tí ọwọ́ ọ̀tún ti ń béèrè tí ọwọ́ òsì ti ń dá a lóhùn. Ìdí tí àìsí akọrin kò fi jẹ́ àlébù nìyẹn. Píánò ti gba ipò akọrin, ó sì ń hùwà bí akọrin tó mọ̀wàá hù.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí. Ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí kún fún àwọn ọ̀dọ́ tí ọwọ́ wọn yá lórí kíbọ́ọ̀dù, mo sì ń gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè jẹ́ kí olórí akọrin fa ohùn kan tán kí wọ́n tó kó àrà kún un. Ìka wọn ń sáré láti òkè dé ìsàlẹ̀ nígbà tí àdúrà ń lọ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé fífi àyè sílẹ̀ jẹ́ ara orin.

Kì í ṣe gbogbo orin mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló ga bákan náà. Lójú tèmi, Islands in the Rain fúyẹ́ ju àwọn yòókù lọ, ó dùn ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lọ́kàn. Mi ò fi í ṣe ẹ̀sùn. Àwo tí gbogbo orin inú rẹ̀ wúwo bákan náà máa ń rẹ etí.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ pé orin yìí kì í ṣe orin oorun wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ní oṣù kejì ọdún 1995, Tupac Shakur gbé Dear Mama jáde, orin tó fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, Afeni. Tony Pizarro tó ṣe àkójọ orin náà lọ gé apá kékeré kan nínú In All My Wildest Dreams, orin kejì nínú Rainbow Seeker, ó sì ń yí i po lábẹ́ ọ̀rọ̀ Tupac láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ kò tutù. Ọmọ kan ń sọ nípa ìṣẹ́, nípa baba tí kò sí nílé, nípa ìyá tí oògùn olóró mú tó sì jẹ́ ìyá rere síbẹ̀síbẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìlù líle sábẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, yóò di ìbínú. Ohùn Sample ló sọ ọ́ di ìdúpẹ́. Orin náà dé ipò kẹsàn-án lórí àtẹ Billboard, nígbà tí àwo tó wà nínú rẹ̀ sì jáde ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ẹ̀wọ̀n ni Tupac wà. Lẹ́yìn náà, Ilé Ìkàwé Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà fi Dear Mama kún àwọn ohùn tí orílẹ̀-èdè náà yóò máa tọ́jú títí láé. Nípa bẹ́ẹ̀, ìka Joe Sample wọ inú ìṣúra náà pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ Dear Mama lórí kò gbọ́ orúkọ Sample rí. Ìyẹn dùn mí, kì í ṣe nítorí pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé orísun omi náà ṣì wà níbẹ̀ tí kò gbẹ.

Ohun tó ba orúkọ irú jáàsì yìí jẹ́ kò ti ọwọ́ Sample wá. Ní oṣù kejì ọdún 1987, ilé iṣẹ́ rédíò KTWV ní Los Angeles bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú orin yìí ṣe iṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e káàkiri Amẹ́ríkà. Ó mú oúnjẹ wá fún àwọn olórin, mo mọ rírì ìyẹn. Ṣùgbọ́n rédíò ń fẹ́ orin tí kò ní í dí ẹni tó wà ní ọ́fíìsì lọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe àwo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí rédíò fẹ́. Ìlù di ti ẹ̀rọ, béèsì di ti ẹ̀rọ, mímí kúrò nínú orin. Nígbà tó fi di 2008, ilé iṣẹ́ rédíò tó ń ṣe irú ètò náà ní New York ti yí padà sí orin rock. Àwọn tó wá ń bú jáàsì tútù bú Sample mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ Rainbow Seeker ti wà lóde fún ọdún mẹ́sàn-án kí KTWV tó dé, ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló sì lu gbogbo ìlù inú rẹ̀.

Sample kò tilẹ̀ dúró gbọ́ wọn. Ní 1979 ó gbé Carmel jáde, ọdún kan náà ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe Street Life pẹ̀lú ohùn Randy Crawford, orin tí Sample àti Will Jennings jọ kọ. Ní 2004 ó ṣe Soul Shadows, píánò kan ṣoṣo, láìsí ìlù, láìsí béèsì, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó padà sí Houston láti gbé, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, lẹ́ni ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Wayne Henderson ti lọ ní oṣù kẹrin ọdún náà. Wilton Felder tẹ̀ lé wọn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015.

Rainbow Seeker kò gba wákàtí kan tán. Ẹ wá a, kò ṣòro rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ má fi orin náà sábẹ́ ìtàkúrọ̀sọ kankan, ẹ kọ́kọ́ fi etí lé ìlù àti béèsì nìkan, lẹ́yìn náà kí ẹ tún un gbọ́ nítorí píánò. Bí ẹ bá sì mọ ọ̀dọ́ kan tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é kó wá jókòó gbọ́ Melodies of Love pẹ̀lú yín.